Àmín Mọ́kànlá

Ọdún kẹta rèé tí oorun ti kọ Jayéọlá sílẹ̀, kò sì fún un níwèé ìkọ̀sílẹ̀. Ó kàn kó ẹrù rẹ̀ jáde lójú ọkùnrin náà ní ọjọ́ kan, ó fi ìpéǹpéjú sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni Jayéọlá, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń gbé Ugbowo nílùú Benin láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, tó tiẹ̀ ṣì wà lórí.

Kì í ṣe pé ọkùnrin náà kò fẹ́ sùn. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbé lókè wọn, àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ló sì wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń bú ara wọn. Bí jẹnẹrétọ̀ bá dákẹ́, ìsọjí iwájú ilé a gbà á. Bí ìsọjí bá dákẹ́, ọmọkùnrin kan lókè a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ gìtá. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń kọ́ ọ, orin kan náà ni, kò sì tíì dé ègbè.

Dókítà fún un lápá, ó wo ẹ̀rọ, ó ṣe hàà, ó tún apá náà fún. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga. Oògùn wà, màá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá sùn, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi o.” Jayéọlá dúpẹ́. Ó délé, ó lo oògùn, ó dùbúlẹ̀, ó pa ojú dé bí ọmọlúàbí. Gìtá bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí láńlọ́ọ̀dù fi mú ìwé wá. Ó ní òun fẹ́ sọ gbogbo ilé náà di họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí àwọn ìdílé tó wà níbẹ̀ jáde kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn, wọ́n ní kó wá ibi tí yóò gbé ná.

Ayọ̀túndé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé yàrá méjì ṣófo lẹ́yìn ilé òun, ní Ugbowo níbẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó Jayéọlá. Èyítọ́pẹ́, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ti Ekiadolor, ní ilé ẹlẹ́yàrá mẹ́ta kan wà ládùúgbò òun tó ní igi máńgòrò níwájú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ Ekiadolor láti Ugbowo yóò wọ bọ́ọ̀sì, yóò jáde kúrò nínú ìlú Benin pátápátá, yóò máa lọ lójú ọ̀nà Èkó títí yóò fi bi ara rẹ̀ pé ṣé wọn ò tíì jí òun gbé lọ Èkó báyìí.

Ohun tó sì dá Jayéọlá dúró láàárín méjèèjì ni Mojísọ́lá ìyàwó rẹ̀. Mojísọ́lá ló ń báìńdì pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ugbowo. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, tòun ti gọ́ọ̀mù, ọ̀bẹ ìgéwèé àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tí wọ́n ti tún ṣe débi pé ohun tó kù lára rẹ̀ tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ kò ju orúkọ lọ. Mama Binding ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan tó báìńdì ìwé fún ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ti ń fi ọmọ tiwọn ránṣẹ́ sí i. Kí èèyàn mú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kúrò ní Ugbowo, bí ẹni hú igi nígbà tó ń so lọ́wọ́ ni. Jayéọlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sọ nǹkan kan. Ó ń rò ó. Ẹni tí kì í sùn, kò sí ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àkókò àtironú.

*

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní New Benin. Mùsùlùmí wà ńbẹ̀, onígbàgbọ́ wà ńbẹ̀, oníṣòwò wà ńbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì wà ńbẹ̀. Nǹkan méjì ló so wọ́n pọ̀: èdè, àti iyàn jíjà. Àwọn ará Ugbowo a jókòó lápá ọ̀tún, àwọn ará Ekiadolor lápá òsì, àwọn ará New Benin a sì wà láàárín bí ọlọ́pàá tí wọn kò tíì sanwó oṣù fún.

Lọ́jọ́ yìí, wọn ò tíì ka ìwé ìpàdé tán tí Ayọ̀túndé fi dìde.

Ó ní, “Mo fẹ́ bi àwọn ará oko yìí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà wo lẹ rí búrẹ́dì gbígbóná gbẹ̀yìn? Ní Ugbowo, bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, kó o tó la ẹnu, ẹni mẹ́rin ti gbé omi tútù dé. Ní Ekiadolor, àfi kó o la ẹnu kó o máa wo ojú ọ̀run!”

Apá ọ̀tún pariwo. Èyítọ́pẹ́ dìde wẹ́rẹ́, ó tún gèlè ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, mọ̀ pé gèlè yẹn dà bí ìgbà tí abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ń de ìbọ̀wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀túndé, ẹ kú ìgbéraga o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀? Ẹ ń dúró ni! Ẹ dúró de kẹ̀kẹ́, ẹ dúró de iná, ẹ dúró kí ọmọ ọlọ́mọ parí àríyá kí ẹ tó fojú ba oorun. Ẹ ní ilé-ìwé yín tóbi. Ó tóbi lóòótọ́! Ó tóbi débi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń lé ẹ̀yin àgbà jáde nínú ilé!”

“Tiyín ńkọ́? Àná ló di yunifásítì! Ọ̀dà ara pátákó rẹ̀ ò tíì gbẹ!”

“Ọmọ tuntun ni, a gbà. Ọmọ tuntun tiwa ń sùn, ó ń jẹ́ kí àgbà sùn. Ẹ bi Bàbá Ìrètí tó jókòó sẹ́yìn yín yẹn, kó sọ bí arúgbó yunifásítì tiyín ṣe ń jẹ́ kó sùn!”

Bàbá Ìrètí ni Jayéọlá, nítorí Ìrètíolúwa ọmọ rẹ̀. Gbogbo orí yí sí i. Ọkùnrin náà, tó ti ń fojú wá ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí, dìde tìyanu-tìyanu.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín jà. Láńlọ́ọ̀dù ló ní ká jáde. Mo ṣì ń rò ó ni. Bóyá Ekiadolor, bóyá…”

Kò rí “bóyá” kejì parí. Alhaji Adéyẹmí, alága ẹgbẹ́, ti dìde. Ẹni iyì ni Alhaji, ṣùgbọ́n àdúrà máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ikọ́ ṣe ń bọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó lè dá ikọ́ dúró. Àṣà ẹgbẹ́ sì ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó lọ síbòmíràn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà fún un.

“Ekiadolor tí ẹ ń lọ yẹn, ẹsẹ̀ yín yóò tutù níbẹ̀!”

“Àmín!”

“Ẹ ò ní fi ẹkún wọ ilé náà!”

“Àmín!”

Ẹ má dá Jayéọlá lẹ́bi. Ta ni wọn yóò sọ fún pé kò ní fi ẹkún wọlé, tí yóò wá dákẹ́? Ṣé ẹkún ló fẹ́ fi wọ̀ ọ́ ni? Ẹnu Yorùbá kì í dúró de orí níbi àmín. Alhaji ń rọ̀jò, Jayéọlá ń gbe. Ibi gíga kò ní bì wọ́n ṣubú, àmín. Omi kànga ibẹ̀ yóò dùn mọ́ wọn lọ́fun, àmín. Ejò kò ní ṣe àlejò wọn, ó ṣe àmín ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí àdúrà fi parí, tí orí Jayéọlá wá bá ẹnu rẹ̀, akọ̀wé ti fa igi lé orúkọ rẹ̀ lábẹ́ Ugbowo, ó ti kọ ọ́ sábẹ́ Ekiadolor, ó sì ti ń kọ ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yóò ṣe ìdágbére fún un: Ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ó lè ní eré lòun ń ṣe. Bó bá ṣe àdéhùn, ó lè ní òun gbàgbé. Àmín ńkọ́? Ta ni yóò padà tọ Ọlọ́run lọ, tí yóò ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹkún ọjọ́sí yẹn padà?

*

Mojísọ́lá kò lọ sí ìpàdé. Iṣẹ́ ló há a mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n kí Jayéọlá tó fi kẹ̀kẹ́ dé Ugbowo, ẹni mẹ́jọ ti pe obìnrin náà pé ó kú ìpalẹ̀mọ́. Ìrètíolúwa ọmọ wọn gan-an ti pè láti Port Harcourt: “Mummy, Ekiadolor ke? Wetin una dey find for there?”

Jayéọlá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀bẹ ìgéwèé wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó dúró sí ìta.

“Ẹ káàbọ̀, ará Ekiadolor.”

“Mojí, jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Ẹ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é kíá, kí bọ́ọ̀sì má lọ fi yín sílẹ̀.”

“Mi ò sọ pé à ń lọ. Mo ní mò ń rò ó.”

“Àmín mélòó lẹ ṣe?”

“Ó tó mélòó kan.”

“Mọ́kànlá! Ayọ̀túndé kà á fún mi lórí fóònù. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mẹ́fà péré lẹ ṣe. Mo kà á!”

Jayéọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àárẹ̀ kò jẹ́. Ó jókòó lórí páálí ìwé. Mojísọ́lá gé etí ìwé kan, ó gé òmíràn, ó wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, ó wo àwọn pírójẹ́ẹ̀tì tó tò sára ògiri, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé.

“Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ níbí ńkọ́, Bàbá Ìrètí?”

 Nígbà tó bá rẹ èèyàn dé ibì kan, èsì pàápàá di ẹrù tí kò ṣeé gbé.

Mojísọ́lá mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Sátidé la ó lọ wò ó. Ẹni tó ti dúpẹ́ oúnjẹ, kó tiẹ̀ ṣí ìkòkò wo ohun tó wà ńbẹ̀.”

*

Ní Sátidé, Èyítọ́pẹ́ wá pàdé wọn ní ẹ̀bá títì Ekiadolor, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí àna rẹ̀ wá kí. Ó mú wọn lọ sílé náà. Onílé, Pa Ọsáyánde, àgbà ọmọ Edo kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, dìde lórí àga onígi lábẹ́ máńgòrò.

“Kóyo,” Jayéọlá kí i lédè Edo.

“Kóyo, my brother. You welcome. Here no get wahala. Noise wey go carry wahala come sef, e no sabi road.”

Mojísọ́lá ti ń wo àyíká bí ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò. Ó fi ìka ra fèrèsé, ó wo eruku. Ó yọ fóònù.

“Èyítọ́pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà?”

“Ó wà, mà. Òkúta tó wà lẹ́yìn kànga yẹn. Tí ẹ bá gun orí rẹ̀, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Benin.”

“Iná ńkọ́?”

“Ó máa ń dé, mà.”

“Ìgbà wo?”

“Tó bá dé.”

“Bí ara Bàbá Ìrètí ò bá yá, dókítà wo la ó gbé e lọ bá?”

Èyítọ́pẹ́, akọni obìnrin tí kò pàdánù iyàn rí ní New Benin, wo ilẹ̀.  Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ugbowo ò jìnnà, mà.”

 Mojísọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀, kó lè fi ojú sọ fún un pé ṣé ẹ gbọ́ bí. Ṣùgbọ́n ojú kò bá ojú. Jayéọlá ti jókòó sórí àga Pa Ọsáyánde. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kàn sinmi ìbàdí. Atẹ́gùn kan wá láti inú oko rọ́bà, ó gba abẹ́ máńgòrò kọjá, ó fọwọ́ pa á lórí níbi tí irun ti wà rí.

Ọkùnrin náà sùn.

Kì í ṣe òògbé o. Oorun ni, èyí tí ẹnu ń là sí, tí ọwọ́ ń jábọ́. Aago méjìlá ó kọjá díẹ̀ ló sùn. Adìyẹ rìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Wọ́n gbé ògì kọjá lójú títì, wọ́n polówó rẹ̀, kò gbọ́. Ewúrẹ́ Pa Ọsáyánde wá, ó gbọ́ òórùn fìlà rẹ̀, ó jẹ etí kan níbẹ̀ tán, ó fi ìyókù sílẹ̀ nítorí pé ó ní ẹ̀rí ọkàn. Nígbà tí Jayéọlá la ojú, aago mẹ́ta ti kọjá. Kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣe òun. Ó rò pé òun ti kú, ẹnu sì yà á pé kò dùn ún.

Mojísọ́lá kò sí nítòsí. Láìpẹ́ ó gba ẹ̀bá títì dé, bàtà rẹ̀ pọ́n fún eruku.

“Níbo lo lọ?”

“Mo lọ wo ìlú.”

Ó mú fìlà kúrò lórí ọkọ rẹ̀, ó wo ibi tí ewúrẹ́ jẹ, ó dé e padà fún un. Títí bọ́ọ̀sì fi gbé wọn dé Ugbowo, kò tún sọ gbólóhùn kan sí i. Jayéọlá náà ń wo ìta. Ó mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn túmọ̀ sí, tàbí ó rò pé òun mọ̀.

*

Láti ọjọ́ náà ni àárẹ̀ rẹ̀ ti di méjì. Ẹni tí kò jẹ oyin rí, ebi oyin kì í pa á. Jayéọlá yóò dùbúlẹ̀ sí Ugbowo, jẹnẹrétọ̀ yóò máa bú ìyá ara wọn, yóò sì máa rántí àga onígi bí ẹni ń rántí ọmọ tó wà lókè òkun.

Ní Ọjọ́rú, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá ìyàwó rẹ̀ to ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan dúró níta, ewú ti gba gbogbo orí rẹ̀, ó tẹrí ba láti kí Mama Binding. Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Prof, o ti sanra.” Jayéọlá wò wọ́n. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oorun wákàtí mẹ́ta kò tó nǹkan tí a ń fi ọdún mọ́kàndínlógún rà.

Ó gba ọ̀dọ̀ Ayọ̀túndé lọ.

Ayọ̀túndé fi yàrá méjèèjì hàn án. Yàrá dára. Ògiri kan péré ló wà láàárín wọn àti ilé ọtí tó wà lẹ́yìn.

“Ariwo díẹ̀ wà o,” Ayọ̀túndé ní.

Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde nítorí orin.

“Mo ti gbà á,” Jayéọlá ké. “Àmín yẹn ni ìṣòro!”

“Àmín ló kó ẹ sí i, àmín ni yóò yọ ẹ́. Kí la fi ń yọ ẹ̀gún? Ẹ̀gún náà ni! Lọ́jọ́ ìdágbére, èmi ni màá gba àdúrà ìparí. Ìwọ ṣáà jókòó, kó o máa ṣe àmín.”

*

Ọjọ́ Àìkú pé. Gbọ̀ngàn kún. Ẹgbẹ́ ti ra aago ògiri ńlá kan, wọ́n tẹ àwòrán Jayéọlá sí àárín rẹ̀, ọwọ́ aago sì ń gba orí imú rẹ̀ yípo. Mojísọ́lá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé pọ́ọ̀sì lé itan, ó dákẹ́ láti àárọ̀. Alhaji sọ̀rọ̀, Èyítọ́pẹ́ kọrin ìkíni káàbọ̀, wọ́n pín ìpápánu. Nígbà tó wá kan ìparí, Ayọ̀túndé dìde. Ó di ojú. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Olúwa, Jayéọlá àti aya rẹ̀ yóò jẹun ọmọ!”

“ÀMÍN!”

“Ilẹ̀ Ugbowo kò ní tì wọ́n jáde!”

“ÀMÍN!”

“Ibi tí wọ́n ti lo ọjọ́ orí wọn, ibẹ̀ ni wọn yóò gbó sí!”

“ÀMÍN!”

Ayọ̀túndé tún fi méjì lé e. Èyítọ́pẹ́ ló ké èyí tó lágbára jù. Ó ké ẹ̀kẹrin tán kí ojú rẹ̀ tó là. “Ẹ dúró ná! Àdúrà wo nìyẹn?” Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Alhaji Adéyẹmí gan-an, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ti ṣe márààrún. Jayéọlá ṣe tirẹ̀ náà. Ọkàn rẹ̀ ń sunkún àga onígi kan, ẹnu rẹ̀ ń ṣe àmín. Kò tíì rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan yingin. Bí eyín kan ṣe ń yọ tí gbogbo ẹnu ń mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀ pé ohùn kan kò sí nínú ohùn. Wọ́n wò yíká. Mojísọ́lá ni. Ó pa ẹnu dé pinpin bí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ báìńdì.

Alhaji tẹ̀ síwájú. “Ìyá Ìrètí, ẹ ò ṣe àmín.”

“Mi ò ṣe é, Alhaji.”

“Ara yín ò yá ni?”

“Ara mi le. Àdúrà yẹn ni ara rẹ̀ ò yá.”

Ariwo sọ. Obìnrin kan láàárín àwọn ará New Benin gbé ọwọ́ lórí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ̀ láti dá owó, wọ́n ti kọ̀ láti wá, ẹnì kan ti kọ̀ láti kú lẹ́yìn tí wọ́n ti ra pósí. Kò tíì sẹ́ni tó kọ àmín.

Mojísọ́lá dìde. Kò kọjú sí Alhaji, ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

“Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ ọ tí ẹ ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹran súyà. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń rí nìyẹn. Mo rò pé ẹ ti dàgbà kọjá oorun. Àfi ìgbà tí mo rí yín lábẹ́ máńgòrò. Ewúrẹ́ jẹ fìlà lórí yín, ẹ ò mira! Kí ẹ wá kó mi wá síbí kí n máa ṣe àmín pé kẹ́ ẹ má sùn mọ́?”

Jayéọlá dìde, ó kọjú sí i. 

“Ṣọ́ọ̀bù ẹ ńkọ́, Mojí? Àwọn tó o mọ̀?”

“Ó rẹ èmi náà, Bàbá Ìrètí.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn na ọrùn. “Eegun ẹ̀yìn mi ń dùn mí láti ọdún tó kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń kí mi. Ó dára. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kì í bá mi gbé páálí. Ẹ ò bi mí rí. Ẹ rò ó fún mi, ẹ gbà á fún mi, ẹ ṣe àmín sí i fún mi. Kí ẹ ṣáà bi mí.”

 Aago tó ní imú Jayéọlá nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

“Níbo lo lọ lọ́jọ́ yẹn?” Jayéọlá bi í. “Nígbà tí mo sùn.”

“Ẹnu géètì yunifásítì wọn ni mo lọ. Àwọn ọmọ tó wà ní Ekiadolor, ṣé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ pírójẹ́ẹ̀tì ni? Mo rí èyí tí ọmọ kan gbé dání. Wọ́n báìńdì orí kẹta ní ìdorí-kodò!” Ohùn rẹ̀ gbé sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. “Ní ìdorí-kodò, Alhaji! Ọmọ náà fẹ́ lọ fún olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú u.”

Alhaji Adéyẹmí jókòó. Ó fi tẹ̀sùbáà nu iwájú orí. Àdúrà méjì ló wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀kan ń lọ sápá òsì, ọ̀kan ń lọ sápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ kan náà ló sì ṣe àmín sí méjèèjì. Ó ronú. Ó ní kí akọ̀wé ṣí ìwé.

“Mélòó ni wọ́n ṣe fún Ekiadolor?”

“Mọ́kànlá, sà.”

“Fún Ugbowo?”

“Márùn-ún, sà. Àfi ìyá kan tí kò ṣe é.”

“Mọ́kànlá ju márùn-ún lọ,” Alhaji dá ẹjọ́. “Ọlọ́run mọ ìṣirò.”

“Ìbò lẹ fi àmín ṣe!” Ayọ̀túndé ké.  Apá òsì ti ń jó. Ayọ̀túndé jókòó. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó rọra sún mọ́ Èyítọ́pẹ́.

“Àbúrò,” ó ní, “lágbègbè igi máńgòrò yẹn, ṣé kò sí yàrá mìíràn?”

*

Wọ́n kó lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù. Èèyàn kò gbọdọ̀ purọ́: Ekiadolor kò ṣe bẹ́ẹ̀ dùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, iná kò dé fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì jókòó sí pálọ̀ bí àna tó ń bínú. Jayéọlá fi odindi àárọ̀ kan lọ gba oògùn ní Ugbowo. Mojísọ́lá ń gun orí òkúta kó tó lè gbọ́ ohùn Ìrètíolúwa. Tó bá sì sọ̀ kalẹ̀, a máa dúró fún ìgbà díẹ̀, a máa wo ọ̀nà tó lọ sí Benin.

Ohun tó wá ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé Mojísọ́lá kò rí oorun sùn. Òun tó ti ń sùn sínú jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà àti gìtá kan, ìdákẹ́jẹ́ Ekiadolor jókòó lé e láyà. Yóò dùbúlẹ̀, yóò máa retí ariwo, ariwo kò ní dé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kejì, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò. Jayéọlá fara lélẹ̀, ó ti sùn kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ tán. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó kọ́kọ́ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó kọ̀, ó tún fà á, ó wá mú, ó sì ń dún lọ láìdúró. Mojísọ́lá tẹ́tí. Ó mọ ohùn yìí. Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni, èyí tó tóbi jù. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó fi ọwọ́ rọrí, ó mí kanlẹ̀, oorun gbé e lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dé ẹnu ọ̀nà, ìwé rẹpẹtẹ láyà.

“Good afternoon ma. Na here dem dey bind project?”

Kò sẹ́ni tó mira. Ewúrẹ́ ló wò ó, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wo tọkọtaya arúgbó tó sùn kalẹ̀ náà. Ó rọra gbé ìwé rẹ̀ sórí àga onígi, ó fi òkúta kékeré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má fẹ́ ẹ lọ.

“I go come back,” ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “God go bless una hand o.”

Láti inú oorun, láìla ojú, Jayéọlá ní, “Àmín.”